Ọkọ̀ ojú omi oníyàrá wa: níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe kí gbogbo ilé lè máa sùn nínú rẹ̀?

Olókọ̀Tuntun

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. A ní ọkọ̀ ojú omi oníyàrá kan tí gígùn rẹ̀ tó mítà 8. Pẹtiróòlù ló ń lò, inú ìdí ọkọ̀ sì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Ibùsùn kan wà ní yàrá iwájú, èyí tó fẹ̀ lápá kan tó sì ṣe ṣóńṣó lápá kejì. Òmíràn tó kéré wà lábẹ́ ibi tí atukọ̀ ń jókòó sí. Síǹkì wà, tọ́lẹ́ẹ̀tì kékeré tó ṣeé gbé wà, bátìrì kan ṣoṣo ló sì ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Títí di báyìí, àárọ̀ la máa ń jáde, ìrọ̀lẹ́ la máa ń padà. Èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa méjèèjì ti wá fẹ́ máa fi òpin ọ̀sẹ̀ ṣeré lórí omi: ká dákọ̀ró síbi tó pa rọ́rọ́, ká sùn, ká jí síbẹ̀.

Ọkàn tèmi ń fà sí fìríìjì, ẹ̀rọ amúlétutù, tẹlifíṣọ̀n àti sítóòfù gidi. Ìyàwó mi ní fóòmù ni ká kọ́kọ́ pààrọ̀. Owó ò tó ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ bá wa dá sí i.

ÌyáÌbejì_LóríOmi

Ìyàwó yín ló mọ ohun tó ń sọ 😄. Ẹni tí ò sùn dáadáa, tẹlifíṣọ̀n wo ló fẹ́ wò? Ṣùgbọ́n ẹ má tíì ra fóòmù o. Mo ń bọ̀ wá ṣàlàyé, ẹ jẹ́ káwọn àgbà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

ÀgbàAtukọ̀

Àbúrò, ẹ kú oríire ọkọ̀. Kí ẹ tó tọwọ́ bọ àpò, ẹ so ọkọ̀ yẹn mọ́ èbúté, kí ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sun inú rẹ̀ mọ́jú bó ṣe wà. Ẹ gbé ìwé àti bíírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Ohunkóhun tó bá jí yín lóru, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ooru ni o, òtútù ni o, ìrì tó ń kán síni lójú ni o, ariwo omi ni o, ẹsẹ̀ ọmọ tó ń ta yín nípàá ni o. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìwé yẹn ni yóò sọ ohun tí ẹ máa rà. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n kó ẹ̀rọ olówó ńlá sí, tí àwọn tó ni ín ò sì lè sùn nínú rẹ̀ torí pé ó ń gbóná bí ààrò.

Bí ó bá jẹ́ tèmi ni, afẹ́fẹ́ ló máa ṣáájú, iná á tẹ̀ lé e, ibùsùn á tẹ̀ lé iná. Ìyókù, ẹ máa ṣe é díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù ni kó kẹ́yìn, bó bá tilẹ̀ máa wáyé.

Ọmọ_Etídò

Afẹ́fẹ́ kẹ̀? Ṣé kì í ṣe orí omi ni wọ́n wà ni? Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ pọ̀ sí jù 😂

Dókítà_Ẹ́ńjìnnì

Ìta ló pọ̀ sí. Inú yàrá là ń sọ.

Olókọ̀Tuntun, ẹ jẹ́ n bi yín: ta ló máa sun ibùsùn abẹ́ ibi atukọ̀ yẹn? Ó dá mi lójú pé àwọn ọmọ ni. Gbogbo ènìyàn ló ń fi ọmọ síbẹ̀ torí pé àgbàlagbà ò lè nà tán nínú rẹ̀. Nínú gbogbo ọkọ̀ yẹn, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ṣọ̀wọ́n jù, òun náà ló sì sún mọ́ ẹ́ńjìnnì àti táńkì epo jù. Nítorí náà, kí ẹ tó ronú kan fìríìjì, ẹ ro ti ibùsùn yẹn.

Èéfín ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù ní carbon monoxide (CO) nínú. Gáàsì yìí kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ojú bẹ́ẹ̀ ni kì í ta imú. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tó lé ní 200 ju bí ọ́síjìn ṣe ń ṣe lọ, ìdí nìyẹn tí díẹ̀ rẹ̀ fi lè pààyàn. Orí á máa fọ́ni, òòyì á máa kọ́ni, èébì á fẹ́ máa gbéni. Ẹni tó wà lórí omi á rò pé ìgbì ló ń da òun láàmú. Ẹni tó ti sùn ní tirẹ̀, kò ní mọ nǹkan kan títí ẹ̀pa ò fi ní bóró mọ́.

Ohun tí kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé èéfín máa ń padà wọlé. Bí ọkọ̀ bá ń sáré lọ, tí ẹ ta tapólì yí i ká, tí ẹ wá ká ti ẹ̀yìn nìkan sókè, afẹ́fẹ́ á máa yí bírí láti ìdí ọkọ̀, á sì máa fa èéfín wọ inú. Ẹ ṣí ti iwájú náà kí afẹ́fẹ́ lè là á já. Bí ọkọ̀ méjì bá so mọ́ ara wọn, èéfín jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò lè wọ yàrá tiyín láìjẹ́ pé ẹ tan nǹkan kan. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ jókòó tàbí lúwẹ̀ẹ́ nídìí ọkọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́.

Ẹ ra aago ìkìlọ̀ CO fún yàrá kọ̀ọ̀kan tí èèyàn ń sùn sí. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ojú omi ni kí ẹ rà, torí ti ilé kò fara da ọ̀rinrin àti ìgbọ̀njìnnìjìnnì. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ọjọ́ tó máa kú wà níbẹ̀. Ohun tó ń gbóòórùn gáàsì nínú rẹ̀ máa ń gbó, kódà bí iná rẹ̀ bá ṣì ń tàn. Bí ẹ bá rí ẹni tó yọ bátìrì rẹ̀ torí pé ó ń pariwo, ẹ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ onítọ̀hún.

ÌyáÌbejì_LóríOmi

Dókítà ti sọ èyí tó ń pani. Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó ń sọ ibùsùn di ẹrẹ̀.

Bí ènìyàn mẹ́rin bá mí mọ́jú nínú yàrá kékeré, omi inú èémí wọn á lọ lẹ̀ mọ́ ibi tó bá tutù. Irin fèrèsé, gíláàsì àti ògiri fáíbà tí kò ní nǹkan kan lẹ́yìn ló ń tutù jù. Ẹ máa jí bá ìrì lókè orí yín bí ẹni pé òjò rọ̀ wọlé. Apá tó burú jù, ẹ ò ní tètè rí i: abẹ́ fóòmù ni. Ara yín ń gbóná lókè, pákó tutù nísàlẹ̀, omi á gbára jọ láàárín wọn, fóòmù á bu, á máa rùn. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ má tíì ra fóòmù nìyẹn. Fóòmù tuntun tí ẹ bá tẹ́ sórí pákó tí kò ní ihò, bó ṣe máa bu náà nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ gbé ibùsùn kúrò lórí pákó gbalaja. Ẹ lè to ọ̀pá igi pẹlẹbẹ síra wọn pẹ̀lú àlàfo láàárín, tàbí kí ẹ ra ẹní oníke tí wọ́n ṣe fún irú iṣẹ́ yìí, èyí tó ní ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Ẹ lu pákó náà níhò, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé kì í ṣe òun ni òrùlé táńkì omi, kì í sì í ṣe òun ló gbé ohun mìíràn ró.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ wá ṣe ọ̀nà fún afẹ́fẹ́, ọ̀nà méjì, ọ̀kan fún ìwọlé, ọ̀kan fún ìjáde. Fèrèsé kan ṣoṣo tó ṣí kì í ṣe nǹkan kan. Bí fèrèsé òrùlé bá wà ní iwájú, ẹ wá ihò kékeré olómorí sí ẹ̀yìn, irú èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tí òjò ò lè gbà. Fún ibùsùn àwọn ọmọ, ẹ fi fáànù kékeré oní-12 fólítì kan tó ń fa afẹ́fẹ́ láti yàrá iwájú wá síbẹ̀. Irú fáànù báyìí kì í jẹ ju nǹkan bí ìdajì áńpù lọ, ẹ lè fi í sílẹ̀ mọ́jú. Àwọ̀n ẹ̀fọn ṣe pàtàkì, àmọ́ èyí tó ṣeé fa tú ní kíá ni kó jẹ́. Fèrèsé òrùlé iwájú ni ọ̀nà àsálà yín bí iná bá sọ lẹ́nu ọ̀nà. Kí àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n ṣí láti inú, kí wọ́n ṣí i lójú yín.

Olókọ̀Tuntun

Ẹ̀yin ará, mo dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ ibùsùn àwọn ọmọ yẹn bà mí lẹ́rù díẹ̀. Tí mo bá fi aago ìkìlọ̀ síbẹ̀, tí mo fi fáànù síbẹ̀, ṣé wọ́n lè sùn níbẹ̀ láìsí wàhálà?

Dókítà_Ẹ́ńjìnnì

Wọ́n lè sùn níbẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú. Bí ọkọ̀ bá ń lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sùn níbẹ̀. Ẹ wo ògiri tó pààlà láàárín ibùsùn yẹn àti yàrá ẹ́ńjìnnì: gbogbo ihò tí wáyà tàbí rọ́bà gbà kọjá, ẹ dí i pinpin. Mo ti yẹ ọkọ̀ kan wò tí oníṣẹ́ kan gbẹ́ ihò ńlá síbẹ̀ láti fa wáyà sípíkà, tó sì fi í sílẹ̀ gbayawu.

Kí n tó gbàgbé, pẹtiróòlù lẹ̀ ń lò. Gáàsì tó ń jáde lára epo wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, inú ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló ń lọ lúgọ sí. Ẹ tan fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde ní yàrá ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú 4 ó kéré tán kí ẹ tó ṣíná, àgàgà láàárọ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti dúró mọ́jú, kí ẹ sì fi imú yín gbọ́ ọ pẹ̀lú. Ohun èlò iná yòówù tí ẹ bá máa so síbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe kó má lè ta pàrà. Ti mọ́tò kì í ṣe bẹ́ẹ̀ bó tilẹ̀ jọra wọn lójú.

WáyàKìíPurọ́

Ó ti kàn mí. Bátìrì kan ṣoṣo fún gbogbo iṣẹ́! Bí fìríìjì bá fà á gbẹ mọ́jú, kí lẹ máa fi ṣíná ẹ́ńjìnnì láàárọ̀, níbi tí kò ti sí ẹni tó máa gbọ́ yín? Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀kan fún ẹ́ńjìnnì, kí nǹkan mìíràn má fọwọ́ kàn án. Èkejì fún iná inú yàrá, kó sì jẹ́ irú èyí tí wọ́n ṣe láti máa fi iná sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ríléè kan wà tó ń wo fólítì: bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ tí bátìrì rẹ̀ sì ti ń kún, á so méjèèjì pọ̀ kí alternator, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pèsè iná lára ẹ́ńjìnnì, lè ṣájì èkejì, bí ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì, á tú wọn ká. Ẹ ò ní láti rántí yí súìṣì kankan.

Báwo ni bátìrì ṣe máa tóbi tó? Ẹ má fojú díwọ̀n ọn, ẹ ṣírò rẹ̀. Fìríìjì oní-12 fólítì ń fa nǹkan bí áńpù 4 nígbà tó bá ń kùn. Ká sọ pé ìdajì ọjọ́ ló fi ń kùn, áńpù 4 lọ́nà wákàtí 12 jẹ́ 48. Gílóòbù LED márùn-ún oní-wáàtì 2 fún wákàtí 4, ó lé díẹ̀ ní 3. Fáànù méjì mọ́jú, bí 5. Fóònù mẹ́rin, 5. Iná ìdákọ̀ró àti pọ́ǹpù omi, 3. Àpapọ̀ rẹ̀ lọ sí bí áńpù-wákàtí 65 lóòjọ́. Ẹ wá wò ó: fìríìjì nìkan kó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin! Bó bá jẹ́ òru kan sí méjì lẹ fẹ́ máa lò, kúlà tí ògiri rẹ̀ nípọn pẹ̀lú yìnyín ti tó. Ẹ lè dá fìríìjì dúró di ọdún tó ń bọ̀, bátìrì kékeré á sì gbé ìyókù.

Bátìrì olásíìdì, ẹ má lò ju ìdajì agbára rẹ̀ lọ bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́. Nítorí náà 65 ń béèrè 130 lóòjọ́ kan.

Ọmọ_Etídò

Bátìrì lithium ni kí wọ́n rà jàre. Ta ló ṣì ń gbé asíìdì kiri láyé ìsinsìnyí?

WáyàKìíPurọ́

Àbúrò, mi ò lòdì sí lithium. Irú rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní LiFePO4, èèyàn lè lo ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ láìsí ìpalára, kì í sì í wúwo tó ìdajì olásíìdì tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ọ̀kan oní-áńpù-wákàtí 100 á gbé wọn ní ọjọ́ kan, pẹ̀lú fìríìjì. Àmọ́ a kì í kàn gbé e sí ipò ti àtijọ́ ká so wáyà. Ó máa ń fa iná lọ́wọ́ alternator gan-an débi pé alternator á gbóná jù, ó sì lè jóná. Bí ẹ̀rọ ìṣàkóso inú bátìrì bá ṣàdédé gé iná nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń sáré, ó tún lè ba alternator jẹ́. Ṣájà tó ń gba iná 12 fólítì wọlé tó sì ń fi 12 fólítì ṣájì bátìrì kejì ló gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn, ríléè nìkan ò tó. Ẹ má sì ṣájì rẹ̀ nígbà tí òtútù bá ti lọ sísàlẹ̀ òdo. Bí owó bá tó gbogbo ìyẹn, ẹ rà á. Bí kò bá tó, olásíìdì tó dáa kò ní dójú tì yín.

Sólà: pánẹ́ẹ̀lì oní-100 wáàtì lè mú nǹkan bí áńpù-wákàtí 30 wá ní ọjọ́ tí oòrùn bá ràn dáadáa, bí òjìji kankan ò bá bọ́ sórí rẹ̀. Bí òjìji ọ̀pá kékeré kan bá bò ó, iye tó ń mú wá á já wálẹ̀ gan-an.

Ẹ̀rọ amúlétutù: kékeré rẹ̀ ń jẹ tó 500 wáàtì. Lórí 12 fólítì, ìyẹn ti lé ní áńpù 40 ní wákàtí kan. Ẹ fi wé 65 tí a kà fún odindi ọjọ́. Ó tọ́ sí èbúté tí iná wà, kì í ṣe ibi tí ẹ dákọ̀ró sí. Kẹ́tùlù iná oní-1,000 wáàtì látinú ínfátà (ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di irú iná ilé) náà á fa ju áńpù 90 lọ bí a bá ka èyí tó ń ṣòfò mọ́ ọn. Ẹ fi iná sítóòfù se omi yín.

Fíúsì gbọ́dọ̀ wà lórí wáyà tó jáde láti orí pọ́sítíìfù bátìrì, kó sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, kó má jìn ju 18 sẹ̀ǹtímítà lọ. Fíúsì tó wà lókè lọ́hùn-ún nídìí súìṣì kò dáàbò bo wáyà tó wà láàárín. Wáyà tí ẹ bá rà, kó jẹ́ èyí tí wọ́n fi tánganran bo bàbà rẹ̀, torí iyọ̀ á jẹ bàbà lásán láìpẹ́.

ÀgbàAtukọ̀

Ọ̀gá Wáyà ti ṣe é tán. Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí ti sítóòfù, torí pé gáàsì ni mo ń lò, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n sílíńdà mi ò sí nínú yàrá. Ó wà nínú àpótí tó dé pinpin sí yàrá, tó sì ní ihò nísàlẹ̀ tó ṣí sí ìta ọkọ̀ lókè omi. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá jò nínú yàrá, kò ní gba fèrèsé jáde, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló máa rọra ṣàn lọ, á máa dúró de ẹni tó máa tan nǹkan. Bí mo bá ti dáná tán, orí sílíńdà ni mo ti ń pa á, mo sì máa ń jẹ́ kí iná ojú sítóòfù kú fúnra rẹ̀.

ÌyáÌbejì_LóríOmi

Bàbá, ìdí gan-an tí mi ò fi lò ó nìyẹn. Ọkọ̀ mítà 8 onípẹtiróòlù, níbo ni wọ́n fẹ́ rí àyè ṣe irú àpótí yẹn? Sítóòfù onísípíríìtì tí kò ní pọ́ǹpù ló bá wọn mu. Kì í yára bíi gáàsì, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan tó lè jò lọ lúgọ. Kí wọ́n kàn mọ̀ pé ọwọ́ iná rẹ̀ kì í hàn dáadáa lójú ọ̀sán, kí wọ́n má sì bu sípíríìtì kún un nígbà tó bá ṣì ń gbóná.

ÀgbàAtukọ̀

Mo gbà fún yín lórí ti àyè. Èyíkéyìí tí wọ́n bá mú, kí fèrèsé ṣí nígbà tí wọ́n bá ń dáná, kí wọ́n má sì fi sítóòfù yá yàrá rárá. Ẹ so ohun èlò ìpaná mọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí ẹ bá so ó sókè sítóòfù, àárín iná lẹ máa ti lọ mú un.

Omi_Dùn

Mo kàn ń kọjá ni. Tọ́lẹ́ẹ̀tì tó ṣeé gbé yẹn tó fún ẹni mẹ́rin fún òru kan sí méjì bí táńkì ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá gba bíi lítà 20. Ẹ má sáré yọ ọ́. Bí ẹ bá padà fẹ́ èyí tó ní táńkì ńlá, rọ́bà rẹ̀ ni kí ẹ náwó lé, torí rọ́bà olówó pọ́ọ́kú máa ń jẹ́ kí òórùn yọ lára rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ti àtijọ́ ló ń rùn, ẹ fi aṣọ tí ẹ rì bọ omi gbígbóná nù ún, kí ẹ gbọ́ òórùn aṣọ náà. Ẹ sì bi àwọn aláṣẹ omi tí ẹ ń lò léèrè ibi tí wọ́n ti ń gba ìgbẹ́ àti ìtọ̀ sílẹ̀; ẹ má dà á sínú omi.

Olókọ̀Tuntun

Mo ti padà dé. A sùn nínú rẹ̀ ní èbúté bí Bàbá Atukọ̀ ṣe ní ká ṣe. Ẹ wo ohun tó wà nínú ìwé: ìrì kán sí ìyàwó mi lọ́rùn. Omi ń gbá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ láàárín òru, pá, pá, pá, yàrá iwájú ló ti ń dún jù. Ọmọkùnrin wa fẹ́ jẹ́ ká yí ibùsùn rẹ̀ padà torí pé ó ń forí gbá òrùlé. Kò sí ibi tí a lè kó báàgì sí, gbogbo rẹ̀ wà nílẹ̀, a sì ń kọsẹ̀ lára wọn. Ìbàdí mi ń ro mí torí fóòmù ti pẹ́. Kò sẹ́ni tó béèrè tẹlifíṣọ̀n. Ẹ wá gbà mí nímọ̀ràn lórí ariwo yẹn àti fóòmù.

ÌyáÌbejì_LóríOmi

Fóòmù wá kàn báyìí. Ẹ fi ìwé tó fẹ̀ gé àwòrán ibùsùn iwájú yẹn gan-an, lókè àti nísàlẹ̀, torí ògiri ọkọ̀ ń dagun wọlé. Ìsàlẹ̀ fóòmù gbọ́dọ̀ kéré sí òkè rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa ká sókè létí. Kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 12, kó sì ki: ẹ béèrè èyí tó wọn bíi kílò 35 ní mítà kúbíìkì kan (mítà kan ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga). Fóòmù tó fúyẹ́ dùn ún jókòó lé ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ìbàdí yín á kan pákó kí òru tó dá. Bí owó ò bá tó, ẹ fi ìpele rírọ̀ oní-sẹ̀ǹtímítà 5 lé ti àtijọ́ lórí. Ẹ gé e sí méjì kí ẹ lè gbé e sókè láàárọ̀ kí abẹ́ rẹ̀ gbẹ. Ẹ sùn síbẹ̀ pẹ̀lú orí sí apá tó fẹ̀.

Fún ọmọ tó ń forí gbá òrùlé, ẹ lẹ fóòmù pẹlẹbẹ mọ́ òrùlé ibẹ̀. Ó máa ń dín ìrì kù pẹ̀lú.

Báàgì: ẹ fi àpótí líle sílẹ̀ nílé. Báàgì aṣọ rírọ̀ ni kí kálukú mú wá, ẹ sì na àwọ̀n mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn kọ̀ọ̀kan.

ÀgbàAtukọ̀

Ariwo pá-pá yẹn, ìgbì kékeré ló ń wọ abẹ́ etí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ níbi tó ti tẹ́. Ní èbúté, ẹ yí ọkọ̀ padà kí ìgbì má máa wá láti apá ibẹ̀. Bí ẹ bá ti dákọ̀ró, ọkọ̀ á kọjú sí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀, èyí sì máa ń dín in kù. Bí ó bá ṣì ń dún, àwọn kan máa ń so ẹní fóòmù tó ń léfòó mọ́ abẹ́ ibẹ̀ kó máa gba ìgbì lójú. Ṣéènì ìdákọ̀ró náà máa ń ké tí ó bá ń ha ilẹ̀. Ẹ fi okùn náílọ́ọ̀nù kan gbé ẹrù rẹ̀ kúrò lórí ṣéènì, ẹ máa sùn.

Bí a ti dé orí ìdákọ̀ró, ẹ má ṣe ṣahun okùn. Ẹ ṣírò jíjìn omi, ẹ fi gíga imú ọkọ̀ sókè omi kún un, ẹ tún fi iye tí omi lè fi kún sí i lóru kún un. Mítà 4, pẹ̀lú 1, pẹ̀lú 1, jẹ́ 6. Ìlọ́po 7 rẹ̀ ni okùn tí ẹ máa tú sílẹ̀, ìyẹn mítà 42. Kí ẹ rí i pé àyè wà fún ọkọ̀ láti yípo láìkan ẹlòmíràn. Iwájú nìkan la ti ń dákọ̀ró: bí ẹ bá so ó mọ́ ìdí ọkọ̀ níbi tí ẹ́ńjìnnì ti wúwo tí ògiri sì kéré, ìgbì á wọlé. Tan iná funfun tó ń tàn yíká láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀. Òfin àgbáyé tí wọ́n ṣe ní 1972 láti dènà ìkọlù lórí òkun ló sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ odò àti adágún sì ń tẹ̀ lé e.

Ọmọ_Etídò

Ẹ tún ta tapólì tó ní fèrèsé bo ẹ̀yìn ọkọ̀ o. Nínú gbogbo owó tí a ná sí tiwa, kò sí èyí tó ṣeé fi wé e. Yàrá kejì ló di. Àwọn ọmọ á ní ibi tí wọ́n ti ń ṣeré bí òjò bá ń rọ̀, ẹ̀yin náà á lè dìde dúró kí ẹ wọ ṣòkòtò.

Dókítà_Ẹ́ńjìnnì

Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú nìkan ni ẹ lè tì í pa pátápátá. Ẹ mọ ìdí.

Omi_Dùn

Omi mímu àti fífọ̀ nǹkan: bí ẹ bá ń ṣọ́ ọ lò, lítà 10 lórí ẹnì kan lóòjọ́. Ẹ̀yin mẹ́rin fún ọjọ́ méjì, lítà 80, ìyẹn kílò 80. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ má sì kó o sókè. Àárín ọkọ̀ nísàlẹ̀ ni kó wà. Bátìrì tuntun náà ńkọ́, níbo lẹ fẹ́ gbé e sí?

Olókọ̀Tuntun

Mo ronú láti gbé e sí ẹ̀gbẹ́ òsì, òdì kejì táńkì omi, kí ọkọ̀ lè dọ́gba. Ohun tí a ti fẹnu kò sí rèé: aago CO méjì lọ́sẹ̀ yìí, ihò afẹ́fẹ́ àti fáànù fún àwọn ọmọ, bátìrì olásíìdì kejì pẹ̀lú ríléè, lẹ́yìn náà fóòmù pẹ̀lú ọ̀pá igi lábẹ́ rẹ̀. Kúlà la máa lò. Tapólì di ìgbà tí owó bá dé. Ìbéèrè kan ló kù: bí mo bá pa súìṣì àgbà ní alẹ́ kí nǹkan kan má baà fa bátìrì, ṣé kò léwu?

WáyàKìíPurọ́

Ó léwu bí pọ́ǹpù tó ń fa omi ìsàlẹ̀ ọkọ̀ bá wà lẹ́yìn súìṣì yẹn. Ẹ so pọ́ǹpù náà àti súìṣì rẹ̀ tó ń léfòó tààrà mọ́ bátìrì iná inú yàrá, pẹ̀lú fíúsì tirẹ̀, kí súìṣì àgbà má lè pa á. Aago CO náà, bó bá jẹ́ èyí tí ń lo iná ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ da korobá omi kan sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ nígbà tí gbogbo iná ti kú, kí ẹ wò ó bóyá pọ́ǹpù máa dìde fúnra rẹ̀.